Ìmọ̀ Kì í Ṣe Ohun À-fi-pamọ́



Grace Hopper, ará Amẹ́ríkà, gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò ní Yale ní 1934. Ó wọ iṣẹ́ ológun ojú omi ní 1943. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni ó sọ ọ́ di ọ̀gágun níbẹ̀, ó sì fẹ̀yìntì ní 1986, ní ẹni ọdún 79.

Kò fi ìmọ̀ rẹ̀ ṣe awo. Òun a máa pín wáyà tí kò tó ẹsẹ̀ bàtà kan fún àwùjọ, kí wọ́n lè fojú rí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń rìn dé bí a bá pín ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó kọ́ ni ó kà sí iṣẹ́ rẹ̀ tí ó ga jù.

Àwa ńkọ́, ẹ̀yin àgbà? Ta ni a ń kọ́ ní ohun tí a mọ̀? Ìmọ̀ tí a bá sin pọ̀ mọ́ àgbà, ìlú ni ó pàdánù rẹ̀.