Orí Ni Ó Ń Pàṣẹ Ìbàlágà

Bí ọmọbìnrin bá dàgbà tó ti kò rí nǹkan oṣù rẹ̀, ikùn rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ fura sí. Àwọn mìíràn a tilẹ̀ wí pé ọwọ́ ayé ni. Ṣùgbọ́n ohun tí àwọn onímọ̀ rí lára eku fi hàn pé orí ni ọ̀rọ̀ náà ti ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe inú ikùn.

Ẹ fi Ìdànrè àtijọ́ ṣe àpèjúwe. Nígbà tí ìlú ṣì wà lórí òkè, láti ààfin Ọwá ni àṣẹ ti ń jáde. Ìjòyè a gbà á, a sì jẹ́ iṣẹ́ náà fún ará ìlú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ara rí. Ìsàlẹ̀ ọpọlọ ni ààfin. Láti ibẹ̀ ni họ́mọ̀nù kan ti ń sun lọ bá kókó kékeré kan tí kò ju kóró ẹ̀wà lọ lára ènìyàn. Kókó náà a rán họ́mọ̀nù tirẹ̀ gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ sí ilé ẹyin, kí ẹyin lè gbó. Nígbà tí ẹyin bá gbó, ilé ẹyin náà a rán èsì padà sókè, àṣẹ ńlá a sì jáde pé kí ẹyin bọ́ sílẹ̀. Schally àti Guillemin, tí wọ́n ṣàwárí họ́mọ̀nù ti ààfin yìí nínú ọpọlọ ẹlẹ́dẹ̀ àti ti àgùntàn, wà lára àwọn tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1977.

Ta ni ó jẹ́rìí sí i pé ọpọlọ ni ó ń pàṣẹ? Eku ni. Ní ọjọ́ 4 sí 5 ni ẹyin eku máa ń bọ́. Ní 1950, Everett àti Sawyer ní Amẹ́ríkà fún eku ní oògùn tí ń kun ọpọlọ lóorun kí agogo méjì ọ̀sán tó lù ní ọjọ́ tí àṣẹ yẹ kí ó jáde. Ẹyin kò bọ́ lóru ọjọ́ náà. Ó di ọjọ́ kejì. Kò sí ohun tí ó ṣe ilé ẹyin. Àṣẹ ni kò dé.

Oúnjẹ ńkọ́? Ní 1963, Kennedy àti Mitra rí i pé eku tí kò jẹun tó máa ń pẹ́ kí ó tó bàlágà. Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Inú àwọn àgbẹ̀ kòkó Ìdànrè yóò dùn sí èyí: ní 1996, ní Hershey, ìlú tí wọ́n ti ń ṣe ṣokoléètì ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti rí àbùdá kan tí wọ́n fi orúkọ ṣokoléètì ìlú náà pè, KISS1. Ní 2003 ni ó hàn pé ohun tí ó ń ti inú àbùdá yìí wá ni ó ń jí ààfin náà. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá lè gba iṣẹ́ tí ó ń jẹ́ kì í bàlágà.

Lóòótọ́, eku kì í ṣe ènìyàn. Síbẹ̀, ọ̀nà tí àṣẹ ń gbà jọra. Nítorí náà, bí ọmọbìnrin bá pé ọdún 15 tí kò rí nǹkan oṣù, kí òbí wo oúnjẹ rẹ̀ àti iṣẹ́ tí ó ń ṣe, kí wọ́n sì mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ẹ̀sùn kan ọmọ, tàbí ìyá rẹ̀, lórí àṣẹ tí kò tíì jáde.