Èènì Orí Káàdì Àwìn

Ọ̀rọ̀ èènì ni mo gbé wá lónìí. Kò sí ẹni tí ó ti ra gàrí lọ́jà rí tí kò mọ ohun tí à ń pè ní èènì. Ìyá alágàrí wọn kóńgò kan fún ọ, o ní, "Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, ẹ fi èènì sí i," òun náà bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, inú rẹ dùn, lọ́jọ́ ọjà mìíràn ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni ìwọ yóò tún gbà lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bi ara wa: ṣé ìyá yẹn kò mọ ohun tí ó ń ṣe ni? Ó mọ̀ ọ́n. Kí ó tó dá iye lé kóńgò ni ó ti ka ẹ̀kúnwọ́ náà mọ́ ọn.

Irú èènì bẹ́ẹ̀ ni àwọn báńkì ilẹ̀ Amẹ́ríkà ń fi sí orí káàdì àwìn, tí wọ́n ń pè é ní pọ́ìntì. Ìdí tí mo fi mú ọ̀rọ̀ náà wá sórí rédíò ni pé púpọ̀ nínú yín ní ọmọ tàbí àbúrò ní Houston, ní Atlanta, ní Chicago. Bí wọ́n bá kó aya àti ọmọ wá sílé fún ìsinmi, tí bàbá sì béèrè iye tí wọ́n fi wọ ọkọ̀ òfúrufú, wọn a ní, "Bàbá, pọ́ìntì ni a fi ra tíkẹ́ẹ̀tì méjì nínú mẹ́rin." Nígbà náà ni àwọn ará ilé ń pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan á rò pé ọ̀fẹ́ ni, pé owó tíkẹ́ẹ̀tì ṣì wà lápò ọmọ, kí ó kúkú mú un jáde kí a fi kan òrùlé. Àwọn kan á sì máa wo ọmọ náà bí ẹni tí ó lu jìbìtì. Kì í ṣe ọ̀fẹ́, kì í sì í ṣe jìbìtì.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ ya káàdì kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Káàdì tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń kì bọ ẹ̀rọ báńkì nílé níbí, owó tiwa tí ó wà ní báńkì ni ó ń fà jáde. Káàdì àwìn kò rí bẹ́ẹ̀. Owó báńkì ni ènìyàn fi ń rajà, ní ìparí oṣù ni báńkì yóò kọ ìwé gbèsè ránṣẹ́ sí i. Àwìn kò ṣàjèjì sí wa. Àwọn Òṣómàáló láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ta aṣọ láwìn káàkiri ilẹ̀ yìí, wọ́n sì ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí yóò fi san án. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé Òṣómàáló kò fún ẹnikẹ́ni ní èènì nítorí pé ó ra aṣọ láwìn.

Ní ọdún 1950 ni Frank McNamara àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Diners Club sílẹ̀ ní New York, kí ènìyàn lè jẹun ní ilé oúnjẹ, kí ó sì san owó rẹ̀ ní ìparí oṣù. Ní 1958, Bank of America fi káàdì bí 60,000 ránṣẹ́ sí àwọn ará ìlú Fresno ní California, láìjẹ́ pé wọ́n tọrọ rẹ̀. Káàdì yẹn ni ó di Visa ní 1976. Ti èènì fúnra rẹ̀ tilẹ̀ ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1896 ni ilé-iṣẹ́ Sperry and Hutchinson ti ń ta sítáḿpù aláwọ̀ ewé fún àwọn onísọ̀, kí wọ́n máa fi ta oníbàárà lọ́rẹ; àwọn ìyàwó ilé á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé, bí ìwé bá kún wọn á fi gba ìkòkò tàbí àga. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 1981, American Airlines bẹ̀rẹ̀ sí ka máìlì fún àwọn tí ń wọ ọkọ̀ wọn léraléra. Ní 1986 káàdì Discover dé, tí ó ń dá díẹ̀ padà nínú owó tí ènìyàn bá ná. Ní 1987, Citibank àti American Airlines pa ọwọ́ pọ̀ lórí káàdì kan. Láti ìgbà náà ni ìyá tí ó lọ ra ìrẹsì àti epo mọ́tò ti lè máa kó máìlì jọ láìgbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀.

Níbo wá ni owó èènì yìí ti ń wá? Bí ènìyàn bá fi káàdì àwìn ra ọjà 100 dọ́là ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe 100 ni ó ń dé ọwọ́ onísọ̀. Nǹkan bí dọ́là méjì, nígbà mìíràn kí ó lé díẹ̀, ni àwọn báńkì àti ilé-iṣẹ́ káàdì ń yọ nínú rẹ̀. Nínú ìyẹn ni báńkì ti ń bu ẹ̀kúnwọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti lọ́dọ̀ àwọn ará Yúróòpù tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ nígbà náà, òfin ọdún 2015 ní ohun tí báńkì oníkáàdì àwìn ń gbà nínú irú owó bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 0.3 nínú 100 lọ. Bí a bá fi náírà ṣe é, 30 kọ́bọ̀ nínú 100 náírà. Ìdí nìyí tí èènì orí káàdì Lọ́ńdọ̀nù kò fi tó ti Amẹ́ríkà. Ẹ má ṣe fi ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù wé èyí tí ó wà ní Houston lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ ó ní, ó dára, onísọ̀ ni ó gbé e mì nìyẹn. Rárá o. Onísọ̀ ti gbé e lé orí ọjà, ẹni tí ó fi owó bébà rajà sì ń san án pẹ̀lú ẹni tí ó fi káàdì rà á, bẹ́ẹ̀ ni kò rí èènì kankan gbà. Ní 2010, àwọn onímọ̀ ọrọ̀-ajé mẹ́ta ní Federal Reserve Bank ti Boston ṣírò rẹ̀. Wọ́n ní, bí a bá pín in dọ́gba, ìdílé tí ń fi owó bébà rajà ń pàdánù 149 dọ́là lọ́dún, ìdílé tí ń lo káàdì sì ń jèrè 1,133. Àwọn tí kò ní káàdì, tálákà ni púpọ̀ nínú wọn. Ó yẹ kí ẹni tí ń fi pọ́ìntì fò wá sílé mọ̀ bẹ́ẹ̀, bí kò tilẹ̀ lè ṣe nǹkan kan sí i.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí á mú ìdílé kan, bàbá, ìyá, ọmọ méjì, tí wọ́n ń gbé ní Atlanta. Ká ní báńkì kan ní òun yóò fún oníkáàdì tuntun ní 60,000 pọ́ìntì bí ó bá fi káàdì náà ná 4,000 dọ́là láàárín oṣù mẹ́ta. Bí oúnjẹ, epo mọ́tò, tẹlifóònù àti ìnáwó ọmọ bá ń gba 1,500 dọ́là lóṣooṣù, oṣù mẹ́ta á gba 4,500. Wọn kò ní láti ra ohun kan tí wọn kì bá tí rà tẹ́lẹ̀. Ẹni tí ìnáwó rẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀, tí ó wá lọ ra tẹlifíṣàn kí iye náà lè pé, onítọ̀hún ti fi owó ara rẹ̀ ra èènì. Nígbà tí ti bàbá bá pé, ìyá gba káàdì tirẹ̀. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́fà, wọ́n ti ní 120,000 pọ́ìntì, pẹ̀lú 9,000 mìíràn bí dọ́là kan bá ń mú pọ́ìntì kan wá. Bí a bá ka 100 pọ́ìntì sí dọ́là kan, 1,290 dọ́là nìyẹn.

Ṣé iye yẹn gbé ẹni mẹ́rin dé Èkó? Kò gbé wọn dé. Ní oṣù Kejìlá, tíkẹ́ẹ̀tì àlọ àti àbọ̀ ẹnì kan ṣoṣo lè gbé gbogbo rẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ ọjà lè rí ju bẹ́ẹ̀ gbà. Àwọn káàdì kan wà tí a lè ti ara wọn gbé pọ́ìntì bọ́ sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfúrufú, nígbà mìíràn àga tí ó wọ́n ní dọ́là á rọjú ní pọ́ìntì. Delta bẹ̀rẹ̀ sí fò láti Atlanta sí Èkó ní 2007, United láti Washington ní 2021. Iye pọ́ìntì tí irú wọn ń béèrè kì í dúró lójú kan. Ní 2015 ni Delta yọ ìwé tí ó fi iye rẹ̀ hàn kúrò, láti ìgbà náà ó dà bí iye tòmátì, àárọ̀ ọ̀tọ̀, ọ̀sán ọ̀tọ̀. Owó orí ìjọba àti owó pápákọ̀ sì wà níbẹ̀ tí a óò fi dọ́là san, bí pọ́ìntì tilẹ̀ ra àga. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì, tí ìyá gbé lé itan, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń gba bí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó àgbà lórí rẹ̀ bí ìrìn-àjò bá kọjá òkun.

Bí ilé bá jìnnà jù lọ́dún náà, ìsinmi wà nítòsí. Láti Atlanta dé Savannah kò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́rin nínú mọ́tò. Pọ́ìntì a máa san owó hòtẹ́ẹ̀lì fún alẹ́ díẹ̀, ọ̀pọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì kì í sì í gba owó lórí ọmọ tí ó bá òbí rẹ̀ sùn nínú yàrá kan náà. Láti ibẹ̀ kò tó wákàtí méjì tí wọ́n fi lè dé Ọ̀yọ́túnjí ní South Carolina, ìlú tí Ẹfúntọ́lá Oseijeman Adéfúnmi, ọmọ Amẹ́ríkà aláwọ̀ dúdú, tẹ̀ dó ní ọdún 1970. Ọmọ tí a bí sí Atlanta, tí ń tijú láti dọ̀bálẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó lọ rí àwọn tí wọn kò gbọ́ Yorùbá lẹ́nu ìyá wọn, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ́ ààfin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni mo ń bọ̀ yìí. Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ, fún ẹni tí ń san gbèsè rẹ̀ tán pátápátá lóṣooṣù ni. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò. Ẹni tí ó ná 2,000 dọ́là rí 2,000 pọ́ìntì, 20 dọ́là nìyẹn. Bí kò bá san án, tí èlé jẹ́ 24 nínú 100 lọ́dún, èlé oṣù kan ṣoṣo jẹ́ 40 dọ́là. Oṣù kan ti jẹ èènì náà ní ìlọ́po méjì. Ẹ má rò pé mo fẹ́ fi èlé dẹ́rù bà yín. Ní 2023 àti 2024, èlé káàdì ní Amẹ́ríkà ju 20 nínú 100 lọ bí a bá pín in dọ́gba. Ní 1978 ni ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ níbẹ̀ dá a láre pé báńkì lè mú òfin èlé ìpínlẹ̀ tí ó fìdí sí lò fún oníbàárà tí ó wà ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Ní 1981 Citibank kó iṣẹ́ káàdì rẹ̀ lọ sí South Dakota, níbi tí wọ́n ti ṣí èlé sílẹ̀. Àwọn bàbá wa mọ sogúndógójì. Wọ́n sì mọ ìwọ̀fà, tí ọmọ onígbèsè ń sin olówó títí owó yóò fi pé. Káàdì kì í gba ọmọ. Owó oṣù ni ó ń gbà.

Àwọn tí ń tọrùn bọ̀ ọ́ jù, àwọn tí ń bọ̀ wálé ni. Ọmọ kò fẹ́ kí ará àdúgbò sọ pé Amẹ́ríkà kò san án. A ti ka aṣọ ẹbí mọ́ ọn lórí, àbúrò ti ní kí ó ra fóònù bọ̀, ẹ̀gbọ́n ti ní bàtà, òun náà fi káàdì rà á, ó ní pọ́ìntì ń wọlé. Ní oṣù Kejì, ìyá ti gbàgbé ìgbà tí wọ́n lọ, ọmọ ṣì ń san èlé aṣọ. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 2009 mú un ní dandan kí báńkì kọ ọ́ sí ara ìwé gbèsè oṣooṣù, iye ọdún tí yóò gbà bí onígbèsè bá ń san díẹ̀ tí báńkì ní ó kéré jù. Kí ọmọ wo ibẹ̀ kí ó tó wo pọ́ìntì.

Ohun méjì kéékèèké tún kù. Bí ọmọ bá fi káàdì àwìn fa owó jáde ní ẹ̀rọ, tàbí tí ó fi rán owó sí yín, ọ̀pọ̀ báńkì kà á sí owó yíyá: èlé bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ náà, owó iṣẹ́ wà lórí rẹ̀, èènì kò sí. Bí ó bá sì dé Èkó tí ó ń fi í rajà, káàdì mìíràn ń yọ tó dọ́là mẹ́ta lórí 100 nítorí pé ilẹ̀ òkèèrè ni. Kí ó béèrè kí ó tó gbéra.

Àga ọkọ̀ tí yóò fò ní oṣù Kejìlá, nǹkan bí oṣù 11 ṣáájú ni wọ́n ti ń ṣí i sílẹ̀, èyíinì ni oṣù Kìíní. Nítorí náà, bàbá àti ìyá tí ń retí ọmọ ní Kérésìmesì tí ń bọ̀, Kérésìmesì yìí ni kí wọ́n ti bá a dá ọjọ́. Kí wọ́n sì bi í lórí tẹlifóònù bóyá ó ti san gbèsè káàdì oṣù tí ó kọjá tán. Bí ó bá ní òun ti san án, kí ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí sin adìyẹ dè é.