Ọkọ̀ Wa àti Ooru Texas

Nígbà tí wọ́n ní kí àwa nọ́ọ̀sì inú ẹgbẹ́ wá sọ̀rọ̀ lónìí, ẹ ó ti máa rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà la bá wá. Rárá o. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ni.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2025 ni ìjọba Texas ti fagi lé àyẹ̀wò ọdọọdún tí wọ́n fi ń wo táyà, bíréèkì àti iná ọkọ̀ ara ẹni. Èéfín nìkan ni wọ́n ṣì ń yẹ̀ wò ní Fort Bend àti Harris tí Stafford wa yìí nà dé. Owó rẹ̀, $7.50, kò bá a lọ. A ṣì ń san án mọ́ owó ìwé ọkọ̀. Ẹ bá wa rẹ́rìn-ín. Inú wa kọ́kọ́ dùn pé a bọ́ lọ́wọ́ wàhálà yẹn, ṣùgbọ́n ẹni tó máa ń sọ fún wa pé “táyà yìí ti jẹ tán o” ti lọ. Ojú tiwa ló kù.

Nítorí náà, kí ooru tó mú, ẹ wo táyà. Táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó ló burú jù: ńṣe ni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń tẹ̀ bó ṣe ń yí, tí ooru ń pọ̀ nínú rẹ̀, títí yóò fi bẹ́ mọ́ ẹni lórí 59. Nọ́ńbà atẹ́gùn tó wà lára táyà, òpin ohun tó lè gbà nìyẹn o. Èyí tó yẹ ọkọ̀ yín wà lára ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀. Àárọ̀ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ọkọ̀ tó rìn. Ẹ tún wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí. Bí nọ́ńbà mẹ́rin ìparí bá jẹ́ 2317, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2017 ni wọ́n ṣe é. Àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan ní kí a pààrọ̀ táyà tó bá ti pé ọdún 6, bí ojú rẹ̀ ń dán bí ẹni pé àná la rà á. Àṣà táyà tòkunbọ̀ tí a ti mọ̀ nílé bá wa sọdá òkun, ẹ jẹ́ ká jù ú nù.

Bátìrì tó ti lé ní ọdún 3, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá yín wò ó. Ooru a máa pa á ju òtútù lọ. Rédíétọ̀ ńkọ́? Nílé, omi la máa ń bù sí i. Níbí, coolant ni kí ẹ lò, ẹ má sì rọ èyí tó kù sínú ìgò omi mímu, nítorí ó ń dùn lẹ́nu ọmọdé, májèlé sì ni. Bí ọkọ̀ bá gbóná lójú ọ̀nà, ẹ má fọwọ́ kan ìdérí rẹ̀. A ti tọ́jú ojú àti àyà tí omi rédíétọ̀ bó.

Ẹ ó ní kí ló kan nọ́ọ̀sì nínú gbogbo èyí. Àwọn tó wà ní Houston ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2005 kò ní gbàgbé ìjì Rita. Gbogbo ìlú ń sá, ọkọ̀ tò lọ bẹẹrẹ fún ọ̀pọ̀ wákàtí, àwọn kan pa A/C kí epo má baà tán, ọkọ̀ àwọn mìíràn gbóná, ó kú. Àwọn tó kú lójú ọ̀nà àsálà pọ̀ ju àwọn tí ìjì fúnra rẹ̀ pa lọ.

Màmá tí a mú wá láti ilé láti wá bá wa wẹ ọmọ á ní, “Ṣé ooru ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ máa rí?” Ooru ilé, ó mọ̀ ọ́n. Inú ọkọ̀ tó dúró lábẹ́ oòrùn ní oṣù kẹjọ kò rí bẹ́ẹ̀, àgàgà bí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ bá jẹ́ èyí tó ń mú ni tọ̀. Kí gálọ́ọ̀nù omi kan má kúrò nínú ọkọ̀. Bí màmá bá ń sọ ìsọkúsọ, tí ara rẹ̀ gbóná janjan, ẹ pe 911, kí ẹ sì máa da omi tútù sí i lára kí wọ́n tó dé.

Ó ku ti àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Bí ìta bá jẹ́ 95, inú ọkọ̀ tí a tì lè sún mọ́ 115 láàárín ìṣẹ́jú 10. Fèrèsé tí a ṣí díẹ̀ kò ràn án. Ara ọmọ a sì máa yára gbóná ní ìlọ́po 3 sí 5 ju tiwa lọ. Ẹ má sọ pé ìyá burúkú ló ń gbàgbé ọmọ. Ọ̀kan nínú wa, ẹ má bèèrè èwo, parí iṣẹ́ òru wákàtí 12, ó wakọ̀ kọjá ilé ìtọ́jú ọmọ, ó dé ilé, ó ti pa ọkọ̀ kí ó tó gbọ́ ikọ́ lẹ́yìn. Láti ọjọ́ náà, báàgì iṣẹ́ wa àti bàtà ẹsẹ̀ òsì, ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ, ni wọ́n ń wà. Ẹ tún bá àwọn olùtọ́jú ọmọ yín ṣàdéhùn: bí ọmọ kò bá tíì dé ní àkókò rẹ̀, kí wọ́n pè yín kíá.

A mú òṣùwọ̀n atẹ́gùn táyà mẹ́ta wá. Táyà gbogbo wa ti gbóná báyìí, nọ́ńbà tí ẹ máa rí kò ní péye, ẹ ó tún un wọ̀n láàárọ̀ ọ̀la. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bọ́ síta ná, kí a jọ ka DOT ara táyà wa kí wọ́n tó gbé oúnjẹ dé.