Okùn Ìwọ̀ Tí Ó Yẹ Kí A Rà

Ẹ ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ mi. Ìwọ̀ ni mo fi ń pẹja ní odò Ọ̀pàrà. N kò ní sọ ti àwọ̀n lónìí. Ọ̀rọ̀ okùn ìwọ̀ ni mo mú wá.

Nígbà tí n kò tíì mọ ìwé, bí mo bá dé ọjà, n ó ní: «Ẹ fún mi ní okùn tí ó le.» Ọlọ́jà a sì mú èyí tí ó nípọn jù fún mi. Inú mi a dùn. Mo jókòó létí odò láti òwúrọ̀ di ọ̀sán. Ekòló ń tán lẹ́nu ìwọ̀, n kò mọ ìgbà tí ẹja ń jẹ ẹ́. Ọmọdé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, okùn tirẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Ó pa ẹpìyà mẹ́sàn-án. Lọ́jọ́ náà, ìyàwó apẹja ni ó lọ ra ẹja lọ́wọ́ ọmọdé!

Kí ni ó fà á? Omi odò ń sàn. Bí okùn bá nípọn, omi a rí ibi tì lára rẹ̀, okùn a sì tẹ̀ bí ọrun. Bí ẹja bá fa ìjẹ nísàlẹ̀, ibi tí okùn ti tẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ nà. Kí ó tó dé ìka ọwọ́ yín, ẹja ti tu ìwọ̀ dànù. Okùn tín-ín-rín a máa la omi kọjá. Òjé kékeré tó láti mú un dé ìsàlẹ̀. Bí ẹja bá fi ẹnu kàn án, ẹ ó mọ̀.

Nísinsìnyí mo ti mọ̀ ọ́n kà. Lára ike tí a ká okùn ọ̀rá mọ́, òǹkà méjì wà. Èyí tí ó ní mm ń sọ bí okùn ti nípọn tó. Èyí tí ó ní kg ń sọ ìwọ̀n tí ó lè gbé kí ó tó já. Lára tèmi, 0,30 mm àti 6 kg ni a kọ. Fún ẹpìyà, 0,20 tàbí 0,25 tó. Ṣùgbọ́n àrọ̀ a máa sá wọ abẹ́ gbòǹgbò, okùn a sì máa ha igi. Níbẹ̀, 0,50 ni mo ń lò.

Kg yẹn, ti okùn tuntun tí kò ní kókó ni. Ibi kókó ni okùn ti sábà máa ń já. Ẹ fi itọ́ rin kókó kí ẹ tó fún un, kí ó má baà gbóná.

Oòrùn náà ń ba okùn ọ̀rá jẹ́. Mo fi tèmi kọ́ sára ògiri ìta ní gbogbo ọ̀gbẹlẹ̀ kan. Nígbà tí odò kún, àrọ̀ ńlá kan gbé ìwọ̀ mi. Lọ́kàn mi, mo ti fi ẹja yẹn san owó ilé ìwé ọmọ mi. Okùn já pẹ́ẹ́, kò tilẹ̀ kan igi. Láti ìgbà náà, inú àpò nínú ilé ni mo ń kó o sí. Kí n tó lọ sódò, n ó fi ọwọ́ méjèèjì fa apá kan rẹ̀ wò.

Èyí tí ó bá ti gbó, ẹ má jù ú sódò. Ọ̀rá kì í tètè jẹrà bí òwú. A máa so ẹyẹ lẹ́sẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní okùn nílé, kí ó mú ike rẹ̀ wá sí kíláàsì tí ń bọ̀, kí a jọ ka òǹkà ara rẹ̀.