Ìlàjà àti Ìdàgbàsókè Ìlú

 

Ìlàjà láàárín ọmọ Tógò ni wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lé. Ní oṣù kẹrin 2005, olùkọ́ tuntun ni mí. Lẹ́yìn ìbò ààrẹ, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ ní Lomé, Aného àti Atakpamé. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fojú bù ú pé 400 sí 500 ènìyàn ló kú. Nǹkan bí 40,000 sá lọ sí Benin àti Gánà.

Ìyá kan tó ń gba èésú ní àdúgbò wa wà lára àwọn tó sá lọ. Nígbà tó padà dé, ó san owó kálukú pé, kò ku kọ́bọ̀. Síbẹ̀ èésú náà tú. Àwọn tó jọ ń dá a ti ń wo ara wọn pé ta ló tọ́ka ilé ta. Ẹni tó ń fi èésú ra ọjà kò rí owó ọjà mọ́. Ọmọ rẹ̀ kò sì padà sí kíláàsì mi.

Ní 2009, ìjọba gbé Ìgbìmọ̀ Òtítọ́, Ìdájọ́ àti Ìlàjà (CVJR) kalẹ̀. Alága rẹ̀ ni Nicodème Barrigah, bíṣọ́ọ̀bù Atakpamé nígbà náà, níbi tí àwọn ará wa Ifẹ̀ pọ̀ sí. Ó lé ní 20,000 ènìyàn tó wá rojọ́, lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ láti 1958 dé 2005. Ní 2012 wọ́n gbé àbá 68 jáde. HCRRUN ló wá ń san owó gbà-má-bínú.

Ní oṣù keje 2017 wọ́n ṣe ètùtù, àwọn Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì náà gbàdúrà. Ní oṣù kẹjọ, ìwọ́de bẹ́ sílẹ̀, ẹ̀mí sì tún ṣòfò ní Sokodé. N kò sọ pé ètùtù kò lágbára o. Ọdún ìbílẹ̀ la wà yìí, kí àwọn àgbà má bínú sí mi. Àmọ́ ìjọba lè sanwó fún ẹni tí wọ́n jó ilé rẹ̀, kò lè bá ẹni tó jó o sọ pé, “Mo ṣẹ̀ ọ́.” Ojúde baálé ni irú ọ̀rọ̀ yẹn ti ń jáde. Ẹ̀yin aṣojú ìjọba, ẹ bá wa jókòó síbẹ̀.

Ìyá eléèésú náà wà láàárín wa lónìí. Ó ní bí òun bá rí ènìyàn mẹ́wàá, òun á tún bẹ̀rẹ̀. Mo ti forúkọ sílẹ̀. Ó ku mẹ́sàn-án.