Ọta Fúyẹ́ àbí Ọta Wúwo?

Ní Kemta níbí, bí ọdẹ bá fẹ́ pa ẹyẹ, ọta wẹ́wẹ́ ló ń kì sínú ṣakabùlà. Tó bá jẹ́ ẹran ńlá, á wá ọta ńlá.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn kan ń yọ́ òjé, wọ́n á fi rọ ọta fún ìbọn ìléwọ́ kékeré, irú èyí tó ń gba ọta márùn-ún tí Smith & Wesson gbé jáde lọ́dún 1950. Ọta .38 Special tó wọ́pọ̀ wúwo tó gíráàmù 10. Òmíràn ò ju 7 lọ.

Ẹ ó rò pé èyí tó ń sáré jù ló máa bà lókè, àbí? Rárá o! Bí ìbọn bá ti ń dún, ẹnu rẹ̀ ń gbéra sókè. Ọta fúyẹ́ á ti tètè jáde. Ọta wúwo ṣì wà nínú ọ̀pá, ó sì ń ti ọwọ́ sókè. Ìyẹn ló fi ń bà lókè ju fúyẹ́ lọ. Wúwo ni màá mú, torí òun ni wọ́n sábà máa ń to àmì ìfojúsùn orí irú ìbọn bẹ́ẹ̀ sí. Àmọ́ ó ń dun ọrùn ọwọ́ gan-an.

Ẹ̀tù ló léwu níbẹ̀. Ìwọ̀n tó bá ọta fúyẹ́ mu, tí wọ́n bá kó o sẹ́yìn wúwo, ìbọn lè bẹ́, bí ṣakabùlà ṣe ń bẹ́ mọ́ ọdẹ lọ́wọ́.

Ẹ má sì lọ wá a rà o: òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tí a kò gbọdọ̀ ní láìgba àṣẹ Ààrẹ.