Ta Ló Gbẹ́ Ọpọ́n Yìí?

  

Nígbà tí mo parí ẹ̀kọ́ yunifásítì, mo ra ọpọ́n Ifá ní ilé iṣẹ́ pákó kan ní Ìkejà. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi gé e. Ó dán, ó sì dọ́gba. Olúwo mi wò ó títí, wọ́n ní, "Ojú ta nìyí?" Mo ní ojú Èṣù ni. Wọ́n ní, "Ta ló gbẹ́ ẹ?" N kò rí èsì fún wọn.

Ìbéèrè yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ọpọ́n Ifá kan wà ní ìlú Ulm, ní Jámánì, láti nǹkan bí ọdún 1659. Orúkọ Weickmann, oníṣòwò tó kó o pamọ́, kò parun. Ti ẹni tó gbẹ́ ẹ ni kò sẹ́ni tó mọ̀.

A kì í ṣe bẹ́ẹ̀ nílé. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì kú ní 1938, síbẹ̀ ní bí àádọ́ta ọdún lẹ́yìn náà, ìyàwó rẹ̀ ṣì ń ki oríkì rẹ̀. Bándélé, ọmọ Aréògún, ló kọ́ Làmídì Fákẹ́yẹ níṣẹ́. Fákẹ́yẹ fúnra rẹ̀ sì dárúkọ ọ̀gá rẹ̀ fún gbogbo ayé.

Ní 1989, Moyọ̀ Òkédìjí, Kúnlé Filani àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn dá ẹgbẹ́ ayàwòrán kan sílẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n sọ ọ́ ní Ọ̀nà. Òkédìjí kò kàn da ọnà àtijọ́ kọ. Ó lọ sọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń kun ògiri ojúbọ òrìṣà, ó wo bí wọ́n ṣe ń fi erùpẹ̀ ṣe ọ̀dà, òun náà sì ń fi erùpẹ̀ yàwòrán. Ẹni tó bá fẹ́ jogún ọnà, ó yẹ kó kọ́kọ́ jókòó lẹ́sẹ̀ oníṣẹ́.

N kò bá ẹ̀rọ jà. Ògún ló ni irin, àti ti ẹ̀rọ Ìkejà, àti ti àáké agbẹ́gilére. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé ẹni tó bá ra ọpọ́n, ìrọ́kẹ́ tàbí agere lọ́dún yìí, kó béèrè orúkọ ẹni tó gbẹ́ ẹ, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ayàwòrán tó bá lo ọnà wa, kó dárúkọ ẹni tó kọ́ ọ, kó sì san ẹ̀tọ́ rẹ̀. Olùwádìí tó bá ya fọ́tò rẹ̀, kó fi orúkọ agbẹ́gilére ṣáájú ti ẹni tó rà á.

Mo ti ní kí agbẹ́gilére kan gbẹ́ ọpọ́n mìíràn fún mi. Bí Olúwo bá tún béèrè, mo ní èsì.